Ilé Tí Wọ́n Gbé Kúrò Létí Odò

Oore tó bá wá bá èèyàn kí oòrùn tó yọ, ó yẹ kí olúwarẹ̀ tan àtùpà wò ó. Bẹ́ẹ̀ ni Isidra rò ó nígbà tí Mang Berong, alámòójútó oko onílẹ̀, dúró sísàlẹ̀ àtẹ̀gùn ọparun ilé wọn, tó ṣí fìlà, tó sì ń rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí Berong ti ń ṣe alámòójútó, Isidra kò sì rí eyín rẹ̀ tó báyìí rí.

"Isidra, ọmọ mi, ṣé odò jẹ́ kí ẹ sùn?"

"A sùn o, Mang Berong. Àwa àti odò ti mọwọ́ ara wa."

"Ẹ má fọkàn tán odò. Òjò ọdún yìí á le. Ọ̀gá ti rò ó, àánú yín sì ṣe wọ́n. Wọ́n ní kí a gbé ilé yín lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tí omi ò lè dé. Ẹ ò ní san nǹkan kan. Lónìí náà ni. Mo ti bá àwọn ọkùnrin àdúgbò sọ ọ́, wọ́n ti ń gé ọparun. Ọ̀gá tún fi odindi ẹlẹ́dẹ̀ kan ránṣẹ́, kí àwọn tó bá gbé ilé lè jẹun yó."

Isidra wo ẹsẹ̀ ọkùnrin náà. Bàtà tó dára ló wọ̀ wá sínú ẹrẹ̀. "Màá sọ fún bàbá Luming," ló dá a lóhùn.

"Poldo ti gbọ́. Ó ti gbà."

Isidra dúpẹ́, ó wọlé lọ fẹ́ná.

Ní Kalumpitan, láti ẹsẹ̀ òkè títí dé etí odò, ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo ni gbogbo ilẹ̀ wà. Igi kalumpit tí wọ́n torí rẹ̀ sọ ìlú náà lórúkọ, kò ṣẹ́ ku ẹyọ kan. Wọ́n ti fi gbogbo rẹ̀ la pákó ilé ńlá tí onílẹ̀ máa ń wá sùn sí lásìkò ìkórè. Àwọn tí bàbá wọn fi ọwọ́ ara wọn ṣán igbó náà ló wá ń ro ilẹ̀ fún un, tí wọ́n ń pín ìrẹsì fún un, tí wọ́n sì tún ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, ìròyìn òfin tuntun wá láti Manila pé àgbẹ̀ tí ilé rẹ̀ bá dúró lórí ilẹ̀ kan, wọn kò gbọdọ̀ lé e kúrò níbẹ̀ mọ́. Inú gbogbo èèyàn dùn. Kò sí ẹni tó béèrè pé bí ilé náà bá fúnra rẹ̀ rìn kúrò ńkọ́.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ní Kalumpitan, ilé a máa rìn. Ọparun àti koríko bẹẹrẹ ni wọ́n fi ń kọ́ ọ, orí òpó ló sì máa ń wà. Bí ẹni tó ni ín bá fẹ́ ṣí, wọ́n á hú òpó rẹ̀, wọ́n á so ọparun gígùn mọ́ abẹ́ ilé, àwọn ọkùnrin àdúgbò á ki èjìká bọ̀ ọ́, wọ́n á gbé e lódindi bí ẹní gbé pósí. Kò sí ẹni tó ń gbowó. Ẹni tó nilé ló ń bọ́ wọn, ó sì parí síbẹ̀.

Ẹni tó nilé ló ń bọ́ wọn. Gbólóhùn yìí ló ń yí lọ́kàn Isidra bó ṣe ń fẹ́ná. Bí onílẹ̀ bá wá bọ́ àwọn tó gbé ilé, ta ló wá nilé?

Poldo ọkọ rẹ̀ ti oko dé, ẹrẹ̀ dé e lórúnkún. Isidra kò jẹ́ kó fọ ẹsẹ̀.

"Ìgbà wo lo gbà fún wọn?"

"Lánàá. Mo ti fẹ́ sọ fún ọ."

"Kí ló dí ọ lẹ́nu? Ìrẹsì tí mo sè ni?"

"Sidra, má bẹ̀rẹ̀. Omi wọ abẹ́ ilé lọ́dún tó kọjá, ojú rẹ ló ṣe. Adìyẹ wa ń lúwẹ̀ẹ́. Ẹnì kan wá fún wa níbi gbígbẹ, o fẹ́ kí n máa ka eyín tó fi ń rẹ́rìn-ín."

"Kà á dáadáa. Ọkùnrin tó ń wọn ìrẹsì wa, tó ń fi ọwọ́ ki òṣùwọ̀n mọ́lẹ̀ kó lè gbà sí i, òun náà ló wá daláàánú lóru ọjọ́ kan. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ."

"Ìfura ni ìwọ fi ń jẹun àárọ̀."

"Nígbà tí kò sí ẹja, kí ni kí n fi jẹ ẹ́?"

Lola Biyang, ìyá Poldo, jókòó létí fèrèsé, ó yí ojú iná tábà rẹ̀ sínú ẹnu, ó ń fa èéfín láìwo ẹnì kankan. Ìgbà tí wọ́n dákẹ́ ló tó yọ tábà náà kúrò lẹ́nu.

"Èmi ò ní sọ̀kalẹ̀ o," ló wí. "Ilé yìí ni wọ́n mú mi wọ̀ ní ìyàwó. Bí wọ́n bá fẹ́ gbé e, kí wọ́n gbé mi mọ́ ọn."

"Inang, a kì í jókòó sínú ilé tí wọ́n ń gbé," ni Poldo wí.

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ẹni tí ẹsẹ̀ ò dùn ni."

Isidra nawọ́ sí òpó tó dojú kọ ìlà oòrùn. "Àti owó abẹ́ òpó yẹn, bàbá Luming, bí a bá lọ bí a ò lọ, má fọwọ́ kàn án."

"Mo gbọ́."

Kò sí ilé ní Kalumpitan tí kò ní irú owó bẹ́ẹ̀. Anselmo, bàbá àgbà Poldo, ló sin ti ilé yìí, owó fàdákà kan, lọ́jọ́ tó ri òpó àkọ́kọ́ mọ́lẹ̀ níbẹ̀. Ilé lè kúrò lórí rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kó sì padà wá. Owó ló ń bá wọn ṣọ́ ilẹ̀. Ẹni tó bá hú u ti kí ilẹ̀ náà pé ó dàbọ̀, kò sì lẹ́nu ọ̀rọ̀ níbẹ̀ mọ́. Ọmọdé ibẹ̀ mọ èyí kó tó mọ àdúrà.

Isidra ti pinnu lọ́kàn ara rẹ̀. Yóò lọ bá Berong, yóò kúnlẹ̀ bó bá gba ìkúnlẹ̀, yóò sì sọ pé àwọn kò lọ. Ó mú ìkòkò omi, ó gba ẹ̀yìn ilé, ibẹ̀ ló sì ti bá Tasing tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà, tó ń wò yíká bí ẹni tó fẹ́ jí adìyẹ gbé. Ọgbà kan ló pààlà ilé àwọn méjèèjì. Tasing ló gbé Luming, ọmọ Isidra, lọ sí ìsàmì, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pe ara wọn ní Kumare. Ó tún ń fọ aṣọ nílé ńlá onílẹ̀, èyí tí àwọn obìnrin ìdí kànga kì í gbàgbé láti mẹ́nu bà bó bá ti yí ẹ̀yìn padà.

"Kumare, dẹtí sí mi," ni Tasing wí. "Má jẹ́ kí wọ́n gbé ilé yìí lónìí."

"Kí ló dé?"

"Mi ò mọ̀. Mo ń ká aṣọ lánàá, mo gbọ́ tí Berong ń sọ fún àwọn darandaran pé kí ẹfọ̀n tí ọ̀gá fi ń túlẹ̀ má lọ wẹ̀ lọ́sàn-án òní. Ọ̀kan ṣoṣo kò gbọdọ̀ wọ ẹrẹ̀. Ìwọ náà mọ̀, ẹfọ̀n tí kò wẹ̀ lọ́sàn-án, iṣẹ́ ló ń dúró dè é."

"Kí ló kan ilé mi kan ìwẹ̀ ẹfọ̀n?"

"Ohun tí mo fi gbogbo òru bi ara mi nìyẹn."

Isidra wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Gbogbo aláǹgbá ló da ikùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Ó rántí ohun tí wọ́n sọ nídìí kànga lọ́sẹ̀ tó kọjá, pé Doming ọmọ Tasing fẹ́ gbéyàwó, kò sì ríbi kọ́lé sí.

"Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì yẹn, Kumare, ṣé o ò ti tọrọ rẹ̀ fún Doming?"

"Mo tọrọ rẹ̀. Wọn ò fún mi."

"Wọ́n wá fún èmi. Bí mo bá kọ̀ ọ́ láàárọ̀ yìí, kó tó dìrọ̀lẹ́ Doming á ti ri òpó síbẹ̀."

"Sidra, kì í ṣe tìyẹn ni mo bá wá."

"Mo ti gbọ́ ọ. Máa lọ fọ aṣọ olówó rẹ, kó má lọ ṣá."

Tasing gbọn ẹrẹ̀ etí aṣọ rẹ̀, ó sì lọ. Isidra pọn omi rẹ̀ tán, ó ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ pé ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà. Òwe náà kò parí síbẹ̀, ṣùgbọ́n ibi tó dùn mọ́ ọn nínú ló ti dúró.

Nígbà tó padà wọlé, ó sọ fún Poldo pé kí wọ́n máa gbé e. Ẹnu ya Poldo, kò sì béèrè ìdí. Ọkùnrin tó bá borí nínú ìjà tí kò rò pé òun lè borí kì í béèrè ìdí. "Ṣùgbọ́n èmi ni màá bọ́ wọn," ni Isidra wí, ó sì mú ọ̀bẹ. Ó pa àwọn adìyẹ méjì tó ń yé ẹyin fún un. Ó fi ata ilẹ̀ àti ìbẹ́pẹ tí kò tíì pọ́n sè é, ó já ewé mòríńgà sí i. Ọ̀kan nínú àwọn adìyẹ náà ṣì ní ẹyin níkùn. Isidra wo ẹyin ọ̀hún fún ìgbà díẹ̀ kó tó jù ú sínú ọbẹ̀.

Àwọn ọkùnrin dé pẹ̀lú ọparun. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, wọ́n sì pọ̀ tó, wọ́n ń ṣẹ̀fẹ̀, wọ́n ń bú ara wọn bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Lola Biyang kò sọ̀kalẹ̀ lóòótọ́. Wọ́n bẹ̀ ẹ́, ó fèsì pẹ̀lú èéfín. Ní ìkẹyìn, Mang Usting, tó dàgbà jù nínú wọn, tó sì máa ń di ọparun iwájú mú, ní kí wọ́n fi í sílẹ̀, òun ti gbé àpò ìrẹsì tó wúwo jù ú lọ. Wọ́n ka ení, èjì, ẹ̀ta, ilé náà sì dìde kúrò nílẹ̀.

Ní gbogbo ìgbà yìí, Tasing ni Isidra ń ṣọ́. Ó dúró sẹ́yìn, ojú rẹ̀ kò kúrò lára ọgbà, kí aládùúgbò rẹ̀ má baà ká mòríńgà tàbí kó fa ọgbà wọlé kí ẹsẹ̀ àwọn tó kúrò. Nítorí náà, kò rí Berong tó fa Poldo lápá lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò òpó, tí olórí àdúgbò sì tẹ̀ lé wọn. Tasing ló rí i. Ó gbé ọwọ́ sókè lójú ọgbà, Isidra sì kọ ẹ̀yìn sí i.

Ilé ń lọ lójú ọ̀nà, Lola Biyang ń sọ̀rọ̀ lójú fèrèsé.

"Ẹ rọra tẹ ibẹ̀. Ìdí àjàgbọn yìí ni Anselmo tú ẹfọ̀n rẹ̀ sílẹ̀ sí nígbà tí wọ́n ti àríwá dé. Kò sí ilé kankan nígbà náà. Ejò ló ń gbé ibi tí àlùfáà ń gbé báyìí."

"Lola," ni ọ̀kan nínú àwọn tó wà lábẹ́ ọparun wí, òógùn bò ó lójú, "nínú ìtàn yín yìí, ìgbà wo ni onílẹ̀ dé?"

"Nígbà tí iṣẹ́ parí."

Ẹ̀rín pa wọ́n débi pé ilé náà mì. Berong nìkan ni kò rẹ́rìn-ín, ó sì ti ń rẹ́rìn-ín láti àárọ̀.

"Ẹ tún gbọ́," ni ìyá àgbà náà wí. "Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì tí ẹ̀ ń gbé mi lọ yìí, odò ló wà níbẹ̀ kó tó yí ẹsẹ̀ padà. Omi tó ti sùn níbì kan rí, ó mọ ọ̀nà ibẹ̀."

Iyanrìn ni wọ́n bá níbẹ̀ lóòótọ́. Bí wọ́n ṣe sọ ilé náà kalẹ̀, òpó rẹ̀ rì díẹ̀, ó sì tẹ̀ sí apá kan. Isidra fi ẹsẹ̀ wa ilẹ̀, ó wá erùpẹ̀ dúdú kan tó lè gbin ewé sí, kò rí. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n àwọn èèyàn ti ń pè fún oúnjẹ.

Wọ́n tẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ sórí pákó gígùn, wọ́n da ìrẹsì lé e lórí. Ẹlẹ́dẹ̀ onílẹ̀ dé pẹ̀lú awọ rẹ̀ tó pọ́n dẹ̀dẹ̀, òórùn rẹ̀ gba gbogbo ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Berong jókòó sórí ìjókòó baálé, ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ pín ẹran. Isidra gbé ìkòkò adìyẹ rẹ̀ kiri, wọ́n ń dúpẹ́, wọ́n ń bu omi ọbẹ̀ díẹ̀ sórí ìrẹsì, ọwọ́ wọn sì ń padà sídìí ẹlẹ́dẹ̀. Inú bí i sí wọn, ó sì tún bí i sí ara rẹ̀, torí ó mọ̀ pé ó ti pẹ́ tí ẹran gidi ti wọ ẹnu wọn gbẹ̀yìn. Tasing náà wà níbẹ̀, ó ń bu omi fún wọn.

Ìgbà tí ọ̀sán pọ́n tán ni wọ́n gbọ́ ohùn àwọn darandaran láti ìsàlẹ̀. Láti ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, èèyàn lè rí etí odò kedere. Isidra gbé orí sókè. Àwọn ẹfọ̀n onílẹ̀ ló ń wọ inú ọgbà rẹ̀, ara wọn gbẹ hanhan, ohun ìtúlẹ̀ wà lẹ́yìn wọn. Èyí tó ṣáájú ti gba orí mòríńgà kọjá.

"Mang Berong," ni Isidra wí, "kí ni wọ́n ń ṣe nínú ọgbà mi?"

Berong nu ọ̀rá lẹ́nu. "Ọgbà ta ni? Ẹ ti kó kúrò. Ọ̀gá fẹ́ gbin ìrèké síbẹ̀. Ẹnì kankan ò lé yín o. Gbogbo wa la jọ wà níbẹ̀, ẹ sì ń rẹ́rìn-ín bí ẹ ṣe ń lọ."

"Nítorí òjò la ṣe kúrò, a máa padà. A ò fọwọ́ kan owó abẹ́ òpó."

Berong yíjú wo Poldo. Olórí àdúgbò náà wo Poldo. Poldo ń wo ìrẹsì iwájú rẹ̀.

"Bàbá Luming."

Poldo ki ọwọ́ bọ àpò, ó mú owó fàdákà náà jáde. Erùpẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀. "Mang Berong ní kí omi má gbé e lọ," ló wí, ohùn rẹ̀ kò ròkè. "Ó ní ogún bàbá mi ni, kí n má fi sílẹ̀ fún odò."

Isidra rántí ìyókù òwe náà nígbà náà, pé inú ilé ni aṣeni ń gbé. Ojú tì í, ó sì dùn ún, torí Poldo kì í ṣe ìkà èèyàn. Ó kàn máa ń gba ẹni tó bá fohùn pẹ̀lẹ́ bá a sọ̀rọ̀ gbọ́ ni, òun tó jẹ́ aya rẹ̀ kò sì fohùn pẹ̀lẹ́ bá a sọ̀rọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó wo àwọn ọkùnrin tó jókòó, ó ń dúró kí ẹnì kan sọ pé ohun tí wọ́n ṣe yìí kò dára. Ẹnu tó bá jẹ dòdò kò lè sọ òdodo, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ kò sì yàtọ̀ sí dòdò. Wọ́n rọra ń jẹun lọ.

Ni àtẹ̀gùn ọparun bá dún. Lola Biyang ló ń sọ̀kalẹ̀, ẹsẹ̀ kan lẹ́yìn ẹsẹ̀ kejì. Ó dé iwájú ọmọ rẹ̀, ó tẹ́ ọwọ́, Poldo sì fi owó náà sí i. Kò bú u. Ó kọjá lára wọn, ó gba ọ̀nà tí wọ́n gbé ilé gbà wá, ó ń lọ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi dé àárín àwọn ẹfọ̀n. Wọ́n rí i tó ń fi ẹsẹ̀ wá ihò òpó náà nínú ilẹ̀ tí wọ́n tú. Nígbà tó rí i, ó sọ owó sínú rẹ̀, ó sì jókòó lé e. Darandaran tó wà níwájú fa okùn, ẹfọ̀n rẹ̀ dúró.

"Ẹ lọ gbé ìyá yẹn kúrò níbẹ̀," ni Berong wí.

Kò sí ẹni tó dìde.

"Ilé lẹ gbé láàárọ̀," ni Berong tún wí. "Ṣé egungun arúgbó ló wúwo jù?"

Tasing gbé igbá omi rẹ̀ kalẹ̀. Ó rìn lọ sídìí ilé tó tẹ̀ sí apá kan nínú iyanrìn, ó bẹ̀rẹ̀, ó ki èjìká bọ abẹ́ ọparun tí wọ́n fi gbé e wá. Obìnrin kì í gbé ilé ní Kalumpitan. Ọparun dún, ilé kò mì. Tasing kò kúrò níbẹ̀.

Ohun àkọ́kọ́ tó wá sọ́kàn Isidra ni pé kí ni eléyìí tún ń wá. Ó wò ó, ó rí aṣọ rẹ̀ tó ya léjìká, kò sì rí ohun mìíràn tó ń wá. Ó lọ dúró tì í.

"Kumare, apá wo ni kí n dì mú?"

"Apá ọ̀dọ̀ odò. Ibẹ̀ ló wúwo."

Poldo wá sẹ́yìn wọn, ó bọ́ sábẹ́ ọparun kejì. Èèyàn mẹ́ta kò lè gbé ilé. Wọ́n tún gbé e, ó tún dún, kò lọ. Nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, Lola Biyang ti tan tábà rẹ̀, èéfín rẹ̀ ń gòkè láàárín ìwo àwọn ẹfọ̀n.

Mang Usting ti ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ iwájú rẹ̀ sẹ́yìn, ẹran ṣì wà lórí rẹ̀.

"Omi ìfọwọ́ dà?" ló béèrè.

Ẹni tó ń bu omi ti wà lábẹ́ ọparun. Mang Usting fi iyanrìn nu ọwọ́ rẹ̀, ó sì dìde lọ sídìí ọparun iwájú.